Ṣé O Mọ̀ Pé Ìwà Màlúù Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Láti Inú Oyún?

Ṣé o mọ̀ pé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ tí màlúù bá gbé nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ti tó láti sọ irú ìwà tó ní? Ní Rockhampton, ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, olùwádìí kan, Heather Burrow, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọgbọ́n kan jáde lọ́dún 1988. Wọ́n á há màlúù mọ́ àárín irin tóóró tí wọ́n ti ń wọn ẹran, tí wọ́n sì ti ń gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn iwájú. Wọn ò ní lé e, wọn ò ní pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kan á wá ka àkókò tó fi kọjá mítà 1.7 àkọ́kọ́. Òmíràn á rọra yọrí síta, á gbọn etí, á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á wo ọ̀tún wo òsì kó tó máa lọ. Òmíràn ò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí tán kó tó já lọ. Èyí tó rọra jáde ni oníwà tútù. Èyí tó já lọ, ìpayà ló ń lé e, bí wọ́n bá sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sábà máa ń bá cortisol tó pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn omi ara tí ìbẹ̀rù máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá tún dán an wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹran tó sá lẹ́ẹ̀kíní náà ló sábà máa ń sá lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá àti ìyá lọ́wọ́ nínú ìwà yìí. Tí a bá kó agbo màlúù kan jọ, tí a wo bí ìwà wọn ṣe yàtọ̀ síra, ọ̀pọ̀ ìwádìí fi hàn pé nǹkan bí ìdá 20 sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà ló ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ìyókù wà lọ́wọ́ ibi tí ẹran gbé dàgbà, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, àti ọwọ́ tó kàn án. Kì í ṣe àbùdá kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n pọ̀, oníkálukú ń dá tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè na ìka sí ojú kan nínú ẹ̀jẹ̀ kó ní ibẹ̀ ni ìbínú màlúù ń gbé.

Ìdá yẹn tó àgbẹ̀ lò dáadáa. Wo àwọn tó ń sin màlúù Limousin ní Amẹ́ríkà. Pupa rúsúrúsú ni màlúù yìí, ilẹ̀ Faransé ló ti wá, ẹran kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà kan, òkìkí jàgídíjàgan ló wà lára rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ wọn, North American Limousin Foundation, ti ń gba máàkì ìwà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú: 1 fún èyí tó tutù jù, 6 fún èyí tó ń kọ lu èèyàn. Máàkì àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n akọ tó bí wọn, kí ẹni tó fẹ́ ra akọ lè wo ìwé kó tó sanwó. Láàárín ìran mélòó kan, ìwà màlúù náà rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí wọn ò fún ẹran lóògùn kankan. Wọ́n kàn ń ṣa èyí tí wọ́n máa jẹ́ kó bímọ ni.

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni àwọn ará Sípéènì ń wá láti ayébáyé: màlúù ìjà ni wọ́n ń sin. Ṣé o mọ̀ pé abo ni wọ́n máa ń dán wò jù? Bí abo bá ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, wọ́n á mú un wọ gbàgede kékeré, wọ́n á fi ẹṣin àti aṣọ pè é níjà. Èyí tó bá ń padà wá kọ lù wọ́n, tí kò wo ti ìrora, ni wọ́n máa fi ṣe ìyá ọmọ. Akọ ńkọ́? Wọn kì í jẹ́ kí akọ rí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ ìjà gan-an, nítorí màlúù kì í gbàgbé. Bó bá ti kan aṣọ yẹn nígbà kan rí, á mọ̀ pé òfìfo ni, á sì dojú kọ ẹni tó mú un lọ́wọ́. Àwọn tó gbára lé ẹ̀jẹ̀ jù láyé nìyẹn, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Pupa aṣọ náà pàápàá kò já mọ́ nǹkan kan lójú màlúù, nítorí ojú rẹ̀ kì í rí pupa bí tiwa. Bí aṣọ ṣe ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ ló ń pè é.

Níbi màlúù ìjà yìí náà, ní Córdoba, láwọn ọdún 1960, ni José Delgado, dókítà ọmọ Sípéènì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale, ti ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ akọ màlúù kan, tó sì wọ gbàgede lọ bá a pẹ̀lú ẹ̀rọ rédíò kékeré lọ́wọ́. Màlúù ń sáré bọ̀ wá kàn án, Delgado tẹ bọ́tìnì, ẹran náà dúró. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Àwọn onímọ̀ mìíràn wá sọ lẹ́yìn náà pé ó jọ pé ìrìn ẹran náà ni iná dá dúró, kì í ṣe ìbínú rẹ̀, èmi náà sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ibo ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Àtoníké àtaláìníké, ìran ẹran ìgbẹ́ kan ni gbogbo màlúù ayé, ẹran gìrìwò oníwo ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aurochs. Julius Caesar, ọ̀gágun ilẹ̀ Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn pé kì í gba ìtọ́jú èèyàn, kódà bí wọ́n bá mú un ní kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí Caesar ń kọ èyí, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún tí àwọn kan ní Ìlà-Oòrùn Àárín Gbùngbùn ti rí díẹ̀ mú sílé nínú wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí egungun màlúù àtijọ́ láti ilẹ̀ Iran, tó jáde lọ́dún 2012, fojú bù ú pé abo tó jẹ́ ìyá ńlá àwọn màlúù aláìníké kò ju nǹkan bí 80 lọ. Apá India àti Pakistan ni màlúù oníké ti wá. Èyí tó ṣẹ́ kù gbẹ̀yìn nínú ẹran ìgbẹ́ náà kú ní Jaktorów, ní Póláǹdì, lọ́dún 1627.

Nígbà mìíràn, ohun tó bá ìyá nínú oyún ló ń hàn lára ọmọ. Ní Yunifásítì Texas A&M, wọ́n mú àwọn abo màlúù Brahman tó lóyún, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi wọ́n rìn fún nǹkan bí wákàtí méjì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ṣe é: nígbà tí oyún pé 60 ọjọ́, 80, 100, 120 àti 140. Wọn ò na wọ́n, wọn ò sì febi pa wọ́n. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni. Wọ́n fi àwọn aboyún mìíràn sílẹ̀ nínú pápá wọn. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2016: àwọn ọmọ tí ìyá wọn wọkọ̀ tètè ń páyà ju àwọn yòókù lọ, cortisol inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga ju tiwọn lọ. Ìwádìí mìíràn tẹ̀ lé e tó fi hàn pé àmì kéékèèké tó ń sọ fún àbùdá ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ti yí padà lára àwọn ọmọ náà. Níbo wá ni ẹ̀jẹ̀ parí sí, níbo sì ni ayé ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ tí a kò tíì bí ti ń gba ìròyìn ayé láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé èèyàn lè wo iwájú orí màlúù kó fura sí ìwà rẹ̀? Irun iwájú orí rẹ̀ máa ń yí po lójú kan. Lọ́dún 1995, Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ìwà màlúù, tẹ ìwádìí kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí irun wọn yí po lókè ojú máa ń ja ìjàkadì jù nígbà tí wọ́n bá há wọn mọ́, ju àwọn tí irun tiwọn wà láàárín ojú tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe idán. Inú ìpele kan náà lára ọlẹ̀ ni awọ ara àti ọpọlọ ti ń jáde, àsìkò kan náà sì ni wọ́n ń ṣe irun àti ọpọlọ. Àmọ́ àmì lásán ni. Ẹni tó bá fi irun nìkan ra màlúù lè kábàámọ̀.

Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí nígbà tí mo ka èyí: akọ màlúù tí èèyàn fi ìgò bọ́ dàgbà, lóun nìkan, lè léwu ju èyí tó dàgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Olùwádìí kan, Edward Price, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1990 lẹ́yìn tí wọ́n wo àwọn akọ Hereford. Àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ ọwọ́, tí kò sí màlúù mìíràn tí wọ́n lè fara kan, ni wọ́n dojú ìjà kọ èèyàn jù nígbà tí wọ́n dàgbà. Irú akọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé màlúù ni òun. Bí agbára bá dé sí i lára, èèyàn ló máa fẹ́ dán an wò lára. Ẹni tó bá ń tọ́ akọ tí kò níyàá, kó tètè dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bí kò bá ní í fi ṣe akọ agbo.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀, orílẹ̀-èdè wa ló ti ṣẹlẹ̀. Láwọn ọdún 1970, Dale Lott àti Benjamin Hart, olùkọ́ ní Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Davis, wá wo bí àwọn Fúlàní àríwá Nàìjíríà ṣe ń da ẹran. Nílẹ̀ tiwọn, ọgbà, wáyà, ẹṣin àti okùn ni wọ́n fi ń káwọ́ màlúù. Níbí, wọ́n rí ọmọdékùnrin tí kò ní ju igi kan lọ́wọ́, tó ń kó agbo màlúù oníwo gígùn lọ síbi koríko, tó sì ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ni ọmọ yẹn mọ̀?

Wọ́n rí i pé bí màlúù ṣe ń bá ara wọn gbé ni darandaran ṣe ń bá wọn lò. Nínú agbo, ẹ̀gbọ́n wà, àbúrò wà, ẹran kọ̀ọ̀kan sì mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ yà fún. Darandaran fi ara rẹ̀ sípò ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Bí akọ kan bá rẹ orí sílẹ̀, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ hàn án bí ẹni fẹ́ jà, kò ní sá fún un. Á na igi sókè, á kígbe, á dojú kọ ọ́ títí akọ náà á fi yà lọ́nà. Bó bá gba kó nà án, á nà án. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, á wọ àárín wọn, á máa fọwọ́ pa wọ́n lórí, lábẹ́ ọrùn, láàárín itan ẹ̀yìn, níbi tí ìyá màlúù ti ń lá ọmọ rẹ̀ gan-an. Á já eégbọn kúrò lára wọn. Á fún wọn níyọ̀. Ẹran á na ọrùn síwájú, á dúró jẹ́ẹ́ fún un. Ọmọ màlúù ti mọ ọwọ́ yìí láti kékeré, kó tó mọ̀ pé òun lágbára ju ọmọdé lọ. Ọdún 1977 àti 1979 ni Lott àti Hart tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Vienna, ní Austria, fọwọ́ pa màlúù lábẹ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì rí i pé àwọn ẹran náà kò sá fún èèyàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn darandaran ti ń ṣe láti ìrandíran ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ti fa ẹkún púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Kò yẹ kí ìyẹn mú wa fojú fo ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, màlúù tó ní ẹ̀jẹ̀ oníké tètè ń páyà ju aláìníké lọ. Oníké sì ni màlúù funfun tí à ń rí káàkiri, èyí tí Haúsá ń pè ní Bunaji, tó sì ń tẹ̀ lé ọmọ kékeré wọ títì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ tó tọ́ ọ ló yàtọ̀.

Mùtúrù, màlúù kúkúrú aláìníké ti ẹkùn igbó wa, tún jẹ́rìí sí i láti òdìkejì. Ara rẹ̀ lè gba àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó máa ń pa màlúù oníké. Níbi tí wọ́n bá ti so ó mọ́lẹ̀, tí ọmọdé ń já ewé fún un, ó rọrùn láti mú. Níbi tí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀ kó máa jẹ kiri fúnra rẹ̀, á padà di ẹran ìgbẹ́ tí kò ṣeé sún mọ́.

Ní Brazil, níbi tí màlúù ti lé ní 200 mílíọ̀nù, oníké ló pọ̀ jù níbẹ̀ náà: Nelore, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Nellore ní India pè. Olùwádìí kan, Mateus Paranhos da Costa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jaboticabal ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibùjẹ ẹran pé kí wọ́n fi igi àti ariwo sílẹ̀, kí wọ́n máa fi àsíá darí ẹran.

Ariwo yẹn, ṣé o mọ bó ṣe ń dun màlúù tó? Etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró tó ga dé 35,000 ìgbì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí tiwa kì í kọjá nǹkan bí 20,000. Irin tó ń kọlu irin, fèrè, igbe, gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí ju tiwa lọ. Ní Kánádà, àwọn olùwádìí jẹ́ kí màlúù yan láàárín ọ̀nà méjì: ní ọ̀kan, wọ́n á pariwo mọ́ ọn, ní èkejì, wọ́n á fi ọ̀pá oníná gún un. Màlúù kò rí èyí tó sàn nínú méjèèjì. Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó sì ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gangan. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i lójijì, ìpá ló ń wá. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà á, wo ẹyinjú rẹ̀: bí funfun ibẹ̀ bá ń hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn ará Nọ́wè ló fi ìwádìí fìdí èyí múlẹ̀.

Ìpayà yìí máa ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Ṣúgà kan wà nípamọ́ nínú iṣan màlúù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹran, ṣúgà yìí á di kíkan, òun ló ń jẹ́ kí ẹran pupa dáadáa, kó rọ̀, kó sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹran tó bá ti fi ọjọ́ púpọ̀ páyà, tó jà, tí kò jẹun, ti lo ṣúgà yẹn tán kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kíkan ò ní tó, ẹran á dúdú, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì tètè bàjẹ́. Iṣẹ́ tí Bridget Voisinet, Grandin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé màlúù oníwà tútù ń sanra kíákíá ju onípayà lọ, àti pé ẹran onípayà le, ó sì súnmọ́ dúdú yẹn jù. Wá wo màlúù tiwa, tó gun ọkọ̀ láti òkè Ọya wá sí Kárà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí sí Akínyẹlé, tí wọ́n há sórí ara wọn nínú oòrùn, tí wọ́n fi okùn wọ́ sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n lọ́ ìrù rẹ̀ kó tó dé odò ẹran. Ìyà ni fún ẹran, àdánù ni fún alápatà, ìyá olóúnjẹ tó ń se ọbẹ̀ náà sì ń san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó màlúù, tẹ́ ẹ ń tà á, tẹ́ ẹ ń pa á, ẹ fún un lómi kó sinmi kẹ́ ẹ tó mú un lọ. Ẹ má dá ọ̀kan ṣoṣo yà kúrò láàárín àwọn yòókù, nítorí màlúù tó dá wà ló ń ya wèrè jù. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rìn síwájú, ẹ má dúró sí ìdí rẹ̀ níbi tí kò ti rí yín. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, níwọ̀nba jíjìn, kẹ́ ẹ rọra rìn kọjá èjìká rẹ̀ lọ sápá ìrù, á sì gbéra síwájú fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sún sẹ́yìn, ẹ gba iwájú èjìká náà. Ẹ dán an wò lọ́la kẹ́ ẹ tó mú igi.